Ṣúgà Tó Ń Purọ́ fún Yíìsì

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru ààrò. Mo kí Bàbá náà. Mo mọ̀ pé orí àga wọn ni wọ́n wà bí ẹ ti ń ka èyí, tí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ò sùn.

Ẹ ní kí n yéé kọ "mo wà dáadáa" ránṣẹ́, pé kí n sọ ohun tí mò ń ṣe gan-an. Ó dáa. Màá sọ ẹyọ kan, èyí tí mo máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kí n tó kúrò níbi iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń wọ kóòtù wọn, èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fọ ọwọ́. Mo máa ń fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Màá wá lọ síbi ẹ̀rọ tó ń mi àwọn ìgò wa jìgìjìgì láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí àwọn ìgò náà fẹ̀, ọrùn wọn tín-ín-rín, òwú ni a fi dí wọn lẹ́nu. Inú wọn ni yíìsì wà, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì yín wú. Màá pa ẹ̀rọ, màá gbé ìgò kọ̀ọ̀kan sókè sí iná, kí n wò bóyá omi inú rẹ̀ ti ki bíi wàrà tàbí ó ṣì mọ́. Màá gbóòórùn ẹnu òwú. Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wa láàárọ̀ kí ẹ tó da fúláwà sí yíìsì. Mo máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá mú omi ṣúgà tí a ti sè jáde nínú fíríìjì, màá fi páìpù gíláàsì fa díẹ̀, màá kán an sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tí a bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wa lọ́la, a kì í jẹ́ kó febi sùn. Màá dí wọn lẹ́nu padà, màá tan ẹ̀rọ, màá sọ pé "Ó dàárọ̀ o" lábẹ́ ahọ́n, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Ó di ilé nìyẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́pọ̀ ọjọ́, àwọn yíìsì yìí nìkan ni mò ń kí. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ibí burú. Ọ̀kan wà tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi, fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀, Ọlọ́fìlà ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Ó máa ń sọ pé "Báwo ni?" tó bá ń kọjá. Kí n tó rí ìdáhùn tó dáa, á ti dé ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Ẹ tún bèèrè ohun tí Ọ̀gá mi ní kí n fi yíìsì ṣe. Màá gbìyànjú. Yíìsì kọ̀ọ̀kan, ilé oníyàrá kan ni. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ ó ní ògiri tirẹ̀. Ògiri náà ni kì í jẹ́ kó bẹ́, torí omi máa ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ ṣáá. Ṣúgà ló fi ń mọ ọ́n, á máa so wọ́n mọ́ra bí ẹni ń to bíríkì. Tó bá fẹ́ bímọ, ọmọ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èéhù, wọ́n á sì máa mọ ògiri tuntun yí ọmọ náà ká.

Ṣúgà kan wá wà tó jẹ́ ayédèrú. Ó jọ ṣúgà gidi bí ìbejì ṣe ń jọra, àfi pé nǹkan bíńtín kan wà tí kò sí lára rẹ̀. Yíìsì kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Á gbé e mì, á gbé e lọ síbi iṣẹ́ ògiri, iṣẹ́ á sì dàrú níbẹ̀. Ògiri ọmọ á fẹ́lẹ́, omi á máa tì í láti inú, á bẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń mọlé lọ́wọ́ nìkan ló ń rí báyìí. Èyí tó bá jókòó tẹtẹrẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n fi hàn pé wọ́n ń bẹ́, kí n sì ya àwòrán ibi tí wọ́n ti ń bẹ́. Gbogbo ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ló rí i. Tèmi kò bẹ́, Ìyá mi. Wọ́n ń sanra ni. Ọ̀gá sì ti sọ ọ́ láìfi bò: tí ìpàdé ìparí sáà bá dé tí kò sí nǹkan kan lójú wa, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, àyè mi níbí á bọ́, èmi á sì máa bọ̀ nílé.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Báwo ni ara? Ṣé ò ń jẹun? Mo ka lẹ́tà rẹ fún bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní wọ́n ń díbọ́n, wọ́n la ojú, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n sì padà sùn.

Ẹ̀n-ẹ́n, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wa. Ṣé yíìsì ni o rìn jìnnà tó báyẹn lọ pa? Yíìsì! Yíìsì tó rán ọ níléèwé, tó ra bàtà sí ọ lẹ́sẹ̀, tó ra báàgì tí o gbé lọ síbi tí o wà yẹn! Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Tí oníbàárà bá bi mí pé kí lọmọ mi ń kọ́, mo máa ń fọwọ́ nu ojú tábìlì, màá ní, "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni." Kí ni kí n máa wí báyìí? Pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ṣúgà òfegè fún ohun tí kò lẹ́nu láti fi ṣẹjọ́?

Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá èyí tí wọ́n ń fún ìwọ fúnra rẹ nínú tíì, gidi ni. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí èmi náà sùn. Dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo tó tù mí nínú ni pé o ò jẹ́ kí wọ́n febi sùn. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pa nǹkan, kó bọ́ ọ ná, ìyẹn ṣì jẹ́ ọmọlúàbí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ṣé o mọ Arẹ́rìn-ín, oníbúrẹ́dì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì wa, tó máa ń fi gbogbo eyín kí èèyàn? Búrẹ́dì rẹ̀ ń wú báyìí, kì í ṣe kékeré. Bí mo bá gé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tèmi á dà bí àbúrò. Jọ̀ọ́, di ṣíbí kan péré nínú ṣúgà ayédèrú yẹn sínú lẹ́tà. Mi ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ fi sí ibi tó súnmọ́ yíìsì rẹ̀ ni, kí Ọlọ́run wá ṣe ìyókù.

Ṣé o ti ní ọ̀rẹ́? Yíìsì kì í ṣe ọ̀rẹ́ o.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Rárá o. Rárá. N kò ní fi ṣíbí kan ránṣẹ́, n kò ní fi ìdajì ṣíbí ránṣẹ́. Nǹkan tí àwọn èèyàn máa jẹ ni ẹ ń sọ yẹn! Ara àwa náà ń lo ṣúgà, ṣúgà ayédèrú lè da èèyàn láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Arẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fún yíìsì tiyín ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ sọ fún Bàbá pé gidi ni èyí tó wà nínú tíì mi. Mo tọ́ ọ wò.

Kì í ṣe ìwà ìkà la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Yíìsì ní ìbátan tó pọ̀, olú wà nínú wọn, ohun tó ń fa lápálápá wà nínú wọn, àwọn kan sì wà tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn tí ara rẹ̀ ti rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní irú ògiri yìí. Ara èèyàn kò ní in. Tí a bá mọ ibi tí ògiri náà ti ń yẹ̀ àti bó ṣe ń yẹ̀, ẹnì kan lè fi ìmọ̀ yẹn wá oògùn lọ́jọ́ kan, oògùn tó máa wó ilé wọn láìfọwọ́ kan tiwa. Ẹ lè sọ ìyẹn fún oníbàárà. Ẹ lè máa nu tábìlì bí ẹ bá ń sọ ọ́.

Àmọ́ wọn kò tíì bẹ́. Mo fi ṣúgà ayédèrú kún ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n rẹ̀wẹ̀sì láàárọ̀, inú mi dùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbérí, wọ́n ń bímọ lọ. Mo tún fi kún un. Bákan náà. Mo yí omi padà, mo yí ìgò padà, mo lọ mú yíìsì tuntun wá. Ọlọ́fìlà dúró lẹ́yìn mi, ó wo ojú awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá, ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé àdúrà lò ń gbà fún wọn ni?"

Mo fẹ́ fèsì. Mo ti ní èsì kan tó dáa gan-an, ó kàn jẹ́ pé inú yàrá mi ni mo ti rí i, nígbà tí mo ń bọ́ bàtà.

Ìpàdé ti ń súnmọ́. Ẹ tètè kọ̀wé.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò rí èsì. Ṣé nítorí ṣúgà Arẹ́rìn-ín ni ẹ fi ń bínú? Ṣé ara Bàbá le?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Ọ̀gá wá síbi tábìlì mi lánàá, ó wo àwọn ìgò, ó wò mí, ó ní, "Ohun tó yẹ kó kú kò kú, ìwọ tó yẹ kó yè lò ń rù." Kò pariwo. Ó kàn ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan mi sójú kan, kó má bàa dà bí ọ̀rọ̀ òjijì. Mo ti kó ìwé méjì àti ife mi. N kò ní nǹkan mìíràn láti kó, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo ṣì ń bọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ pé èyí tó bá ń mọlé nìkan ló ń bẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọlé tí wọn ò bá jẹun?

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí máa pẹ́, torí ẹni tó ń bá mi gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wá ẹni tó máa bá òun gbé tirẹ̀. Má ṣe rò pé mò ń bínú. Mo bínú fún ọjọ́ méjì, ó ti tán.

Mo ti lóye ọ̀rọ̀ rẹ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, kí o fún wọn ní itọ́ kí wọ́n fi mọlé. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà, inú wọn dùn, ẹnì kan tilẹ̀ bi mí bóyá o lè wo lápálápá orí ọmọ òun sàn. Mo ní kó mú sùúrù.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni Ọ̀gá rẹ yìí. Kí ló dé tó fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ mi? Ṣé o rántí tíṣà tó ní o kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, pé òun á dá ọ padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀? Ta ló lọ bá a? Èmi ni. Búrẹ́dì gbígbóná ni mo gbé lọ, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ṣé ó dá ọ padà?

Búrẹ́dì kò lè dé ọ̀dọ̀ yín láìyí padà di òkúta. Nítorí náà mo ti fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́ sí Ọ̀gá rẹ, gàdàgbà ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí, àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpòòwé rẹ ni mo lò. Má bi mí pé kí ni. Ìyá ni mí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kó dé ṣáájú lẹ́tà yìí, torí mo sanwó pé kó yá.

Bàbá rẹ ní o ṣeun tí o tọ́ tíì yẹn wò.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

Ó ti dé.

N kò mọ bí màá ṣe kí yín lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì gígùn ká, èmi wà ní ìkangun, níbi tí mo máa ń jókòó sí kí wọ́n lè gbàgbé mi. Ẹni tó ń pín ìfìwéránṣẹ́ kanlẹ̀kùn, ó gbé páálí kan sílẹ̀ níwájú Ọ̀gá. Okùn tí ẹ fi dì í pọ̀ tó èyí tí wọ́n fi ń so ẹran. Ọ̀gá fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, Ìyá mi. Ṣúgà oníhóró, ó kún páálí bámúbámú.

Ọ̀gá mú hóró kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ta ló ni èyí?"

Mo na ọwọ́ sókè díẹ̀. "Ìyá mi ni, Ọ̀gá."

"Èmi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí?"

Ẹ ti kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí. N kò lè purọ́. "Ẹ̀yin àti àwọn yíìsì, Ọ̀gá. 'Fún Ọ̀gá àti àwọn yíìsì rẹ̀' ni wọ́n kọ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́fìlà lu tábìlì. "Ẹ wò ó o! Yíìsì ń gba ẹ̀bùn láti ilé! Èmi tí mo ti wà níbí láti ọjọ́ yìí, ta ló fi bisikíìtì kan ránṣẹ́ sí mi?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo dúpẹ́ o. Àmọ́ kí ló mú ìyá rẹ ronú kan yíìsì?"

"Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń fún wọn ní ṣúgà ní ìrọ̀lẹ́ kí n tó lọ sílé."

Ọ̀gá gbé hóró ṣúgà náà sílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹyin.

"Ṣúgà wo?"

"Gidi, Ọ̀gá."

"Lórí oúnjẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní ìrọ̀lẹ́ wo?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Ìyá mi, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ṣúgà gidi àti ayédèrú ń gbà wọ inú yíìsì. Tí gidi bá ti pọ̀, á ti ayédèrú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rí bíríkì tó dáa, wọ́n á tún ògiri wọn mọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún wó ilé, mò ń fi ọwọ́ òsì gbé bíríkì lọ fún onílé. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun kí wọ́n tó mọlé. N kò ronú kan pé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ti tó.

Ọ̀gá dìde, ó jáde. A rí i láti inú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. A kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "A sún ìpàdé yìí sí ìparí oṣù. Ṣe iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Má fún wọn ní nǹkan kan, kódà kí wọ́n sunkún. Tí wọn kò bá wá bẹ́, ife tí o ti kó sínú báàgì, má wulẹ̀ kó o jáde mọ́."

Ta ló rán yín, Ìyá mi? Kíláàsì kékeré kọ́ ni mo wà! N kò bínú. Mò ń bínú. Ojú ń tì mí débi pé mo gba ojú fèrèsé wò bóyá ẹnì kan wà níta kí n tó jáde lọ ra ọṣẹ.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹrin

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, bí o kò tilẹ̀ kí mi. Kíkà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo jókòó lórí àpò fúláwà, fúláwà sì tú sí mi lára. Bàbá rẹ rò pé ojú mi ló funfun, wọ́n sáré bu omi wá.

Ìwọ bi mí pé ta ló rán mi. Èmi náà bi ọ́: ta ló rán ọ? Èmi sọ pé kí o má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ febi sùn. Ṣé àwọn wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ fún ọ ni? O pè wọ́n wá pa, o tún ń gbé oúnjẹ fún wọn lálẹ́! Bó bá jẹ́ pé o sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan níbẹ̀, ẹyọ ẹnì kan péré, pé "mo máa ń bọ́ wọn o," ṣé wọn ò ní sọ fún ọ? Èmi tí mo wà níbí ni ò ń sọ ọ́ fún. Kí ni èmi mọ̀? Èmi tí gbogbo ọgbọ́n mi ò ju kí yíìsì yó!

Ó dáa, mo jẹ̀bi páálí. Mi ò jẹ̀bi ṣúgà. Ṣé Ọ̀gá jẹ nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ti di ti àdúgbò. Mò ń jà pẹ̀lú Arẹ́rìn-ín nítorí ibi tí ó ń da eérú sí, inú ìjà náà ni mo ti sọ pé, "Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi wà nínú ìṣòro!" Ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìṣòro wo? Kí n tó mọ̀, mo ti ṣàlàyé ògiri, bíríkì, ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀. Eyín rẹ̀ wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní báyìí, tó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kì í kí mi mọ́. Ó máa ń ké láti òdìkejì ni, "Ṣé wọ́n ti bẹ́?" Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta náà ń bèèrè. Bàbá rẹ ń jí láti bèèrè.

Oníbúrẹ́dì ni mí. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi, tí màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó pa yíìsì. Àmọ́ mo ti ṣe é. Tètè kọ̀wé. Ṣé wọ́n ti bẹ́?

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí, mo fi ti lẹ́tà ìṣáájú kún un. Ẹ má bínú sí mi.

Wọ́n ti bẹ́.

Ẹ sọ fún Arẹ́rìn-ín. Ẹ jí Bàbá.

Ìgò mẹ́ta ni mo tò. Ìkínní, oúnjẹ tí Ọ̀gá wọ̀n nìkan. Èkejì, oúnjẹ yẹn àti ṣúgà ayédèrú. Ẹ̀kẹta ni èmi fúnra mi bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ kí n fi kún un: oúnjẹ, ayédèrú, àti ṣúgà gidi tó pọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá gbà. Ó ní, "Àṣìṣe tí a kò wọ̀n, àṣìṣe ni. Tí a bá ti wọ̀n ọ́n, ó ti di ìdánwò. Ṣe é."

Kíkúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nira. Mo fọ ọwọ́, mo dé ẹnu ẹ̀rọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò. Ọlọ́fìlà ní òun máa dúró tì mí títí màá fi jáde, kí ọwọ́ mi má bàa gbọ́n ju orí mi lọ. A jọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Mo dáhùn. Ìdáhùn náà gùn débi pé a dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó lọ, a ṣì wà lórí bí wọ́n ṣe ń po fúláwà.

Lọ́jọ́ kejì, mo kán díẹ̀ láti inú ìgò kejì sórí gíláàsì, mo gbé ojú lé awò. Ìyá kan wà níbẹ̀, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń wú. Orí rẹ̀, ibi tí ògiri ti tuntun jù, fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ibẹ̀ ló ti ṣí. Kò pariwo, kò sáré, ó kàn ṣí, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì tú jáde bí ẹyin tó fọ́ létí àwo. Ìkarahun ló kù. Mo yí gíláàsì díẹ̀, òmíràn tún ṣí, lórí ọmọ bákan náà.

Àánú wọn ṣe mí, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ẹnu mi kò dúró gba àṣẹ. Mo kígbe pé, "Ó ti bẹ́ o!" Èmi! Ọlọ́fìlà sáré wá, ó kọ ẹsẹ̀ lára àga, fìlà rẹ̀ fò bọ́ sínú agbada ìfọǹkan. Irun rẹ̀ pọ̀ bí igbó. Mo ti rò pé apárí ni láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ìgò kẹta ńkọ́? Wọ́n sanra, wọ́n ń bímọ, ògiri wọn le koko. Nítorí náà ni Ọ̀gá ṣe ní kí n dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, torí ìgò yẹn ló fi hàn pé ipò ṣúgà gidi ni ayédèrú ń gbà, pé bí gidi bá padà dé, ilé á tún gbérí. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ tán. Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tó le, mo ní n kò tíì mọ̀, kò sì sí ohun tó já lù mí.

Àyè mi kò bọ́. Mo ti kó ife mi jáde. Ọ̀gá ń fi ṣúgà yín mu tíì, ó ní kí n kí yín.

Ní òpin ìpàdé, ó ní a máa kúrò lórí yíìsì díẹ̀, a máa lọ dán ṣúgà ayédèrú wò lára ìbátan rẹ̀, èyí tó máa ń hu irun funfun àti irun aláwọ̀ ewé lára búrẹ́dì tó bá bu. Ó wo gbogbo tábìlì, ó bèèrè pé ta ló mọ irú búrẹ́dì tó máa ń tètè bu. Ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó rántí pé ojú máa ń tì mí.

Nítorí náà, Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ èyí. Lọ́la, èmi àti Ọlọ́fìlà á jọ lọ ra búrẹ́dì. Èmi ni màá yàn án. Màá tẹ ìdí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, màá wá èyí tó rọ̀ jù, tí wọn kò jẹ́ kó jinná dénú, tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná. Màá gbé e wálé, màá fi omi wọ́n ọn, màá gbé e sí kọ̀rọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá sì fi sílẹ̀ kó bàjẹ́.

Ọmọ yín